Yokasta, Ta Ló Ní Kí O Fi Ojú Mi Tajà?

Loma Guayuyo,
lókè Ocoa,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn òjò.

Yokasta ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, mo tún ọ kí. Ṣé ara le? Ṣé ò ń rí oorun sùn ní ìlú ńlá yẹn? Ṣé omi ń ṣe déédéé nílé yín? Ọlọ́run tó fà ọ́ yọ nígbà tí odò fẹ́ gbé ọ lọ lọ́mọdé kò ní yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ lójú títì. Ibi tí wọ́n bá ti ń pín oore, wọn ò ní pín in tán kí o tó dé. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìròyìn búburú rẹ, etí rẹ̀ á di. Àmín lọ́nà gbogbo.

Àwa náà wà. Màlúù aláwọ̀ eérú ti bímọ, abo ni. Orúnkún bàbá rẹ ṣì máa ń dùn ún bí òjò bá fẹ́ rọ̀, nítorí náà a ò gbọ́ rédíò mọ́ kí a tó mọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí. Àbúrò bàbá rẹ, Bienvenido, ti fi páànù tuntun bo ilé rẹ̀, ó ń dán débi pé àkùkọ wa ń kọ ní ọ̀sán gangan, ó rò pé oòrùn mìíràn ló yọ. Píà so lọ́dún yìí bí ẹni tó ń bá ẹnì kan jà, ẹlẹ́dẹ̀ pàápàá ti ń gbójú kúrò lára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí màlúù tàbí píà ni mo ṣe jókòó ti ìwé yìí. Yokasta, ọmọ tí mo fi inú mi bí, ta ló ní kí o fi ojú mi tajà?

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí mi ò kàn pè ọ́. Èmi àti fóònù ti pínyà. Láti ìgbà tí mo ti mọ ohun tó ń fi ojú èèyàn ṣe, mi ò jẹ́ kó rí mi mọ́. Bí Miledys onísọ̀ bá ń bọ̀ nílé wa, ẹnu ọ̀nà ló ti ń ki fóònù rẹ̀ sínú àpò àgbàdo kó tó wọlé. Bébà ò lójú. Chago awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mo fi lẹ́tà yìí rán, mo ní kó má kà á, ó ní òun ò ní kà á, ṣùgbọ́n bí o bá rí i tó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń fi lé ọ lọ́wọ́, ó ti kà á nìyẹn.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Mo jókòó sẹ́yìn ilé ìdáná, mo ń bó òtíílí, ìrẹsì ti wà lórí iná, bàbá rẹ ń pọ́n àdá, ni mo bá gbọ́ ohùn Don Ulpiano lójú ọ̀nà. O mọ Don Ulpiano tó ní ẹ̀rọ tí gbogbo wa fi ń bó kọfí, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ bíi dòjé, tó jẹ́ pé bó bá ń kí èèyàn, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹni ló ń kí. Inú ń bí i. Ó ju nǹkan dúdú kan sórí itan mi, ó rí bí ìgbànú, ó ní okùn ní ọ̀tún àti ní òsì, irin pẹlẹbẹ kan sì wà láàárín rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Yokasta, ṣé ọmọ ọwọ́ ni mo jọ lójú rẹ ni?" Mo ní kí ló dé, Don Ulpiano, ẹ jókòó ná. Ó ní òun ò jókòó. Ó ní, "Ìgbànú tó ń na ẹ̀yìn tí o tà fún mi nìyí. Mo dúró dè é títí mo fi gbàgbé pé mo rà á. Ó wá dé, apá kan ṣoṣo ni ó gbà. Ṣé ọmọ ewúrẹ́ mi ni kí n wọ̀ ọ́ fún?" Mo ní, èmi? Èmi ni mo ta kí ni fún yín? Mo fi ìka méjì ṣe àgbélébùú, mo fẹnu kò ó, mo búra pé yàtọ̀ sí wàràkàṣì àti ẹyin, n kò ta nǹkan kan rí láti ìgbà tí mo ti dáyé. Ó ní òpùrọ́ ni mí. Òpùrọ́, Yokasta! Lójú bàbá rẹ!

Ó wá na fóònù rẹ̀ sí mi níwájú. Mo rí ara mi.

Mo ní mo rí ara mi. Mo wà nínú gíláàsì yẹn pẹ̀lú ìborùn pupa tí mo máa ń wé bí mo bá ń yan kọfí, mo ń rẹ́rìn-ín, òdòdó yí mi ká, wọ́n sì kọ orúkọ mi gàdàgbà sókè: Ilé Doña Eduvigis. Don Ulpiano wá fi ìka fa nǹkan náà sókè, àwọn èèyàn tí n kò mọ̀ rí ti kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ mi. Ọlọ́run bù kún Doña Eduvigis. Ọwọ́ yín dára, Doña Eduvigis. A ò ní gbàgbé yín láéláé. Ìwọ náà rò ó wò. Ní òkè wa níbí, ta ni wọ́n ń fi fọ́tò rẹ̀ sáàárín òdòdó, tí àwọn tí kò bá a jẹun rí á máa kọ ọ̀rọ̀ rere nípa rẹ̀? Òkú ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an la ṣe fún ìyá mi àgbà. Ẹsẹ̀ mi tutù. Mo ní háà, mo ti kú, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo yíjú sí bàbá rẹ, mo ní, "Bàbá Yokasta, ṣé ẹ̀ ń rí mi?" Ó ní òun ń rí mi. Mo ní ṣé ó dá a lójú. Ó ní ó dá òun lójú, òun sì ń gbóòórùn ìrẹsì tó ń jóná. Ìgbà náà ni mo tó mí, torí òkú kì í jó ìrẹsì.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá gbéra, ó di ìsọ̀ Miledys, torí òun nìkan ló gbọ́ èdè fóònù lókè yìí. Ó gbà á, ó tẹ̀ ẹ́ síbí, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ìsọ̀ Yokasta nìyí! Orí ayélujára ló ṣí i sí." Mo ní apá ibo ní ìlú ni ayélujára wà, ṣé ẹ̀yìn ọjà ńlá ni. Torí nígbà tí o sọ fún wa lọ́jọ́ Àjíǹde pé o ti ṣí ìsọ̀, mo ti yà á sọ́kàn: mo ti rí ilẹ̀kùn rẹ̀, mo ti rí òṣùwọ̀n, mo ti rí àga kékeré kan létí fèrèsé tí màá jókòó lé bí mo bá wá kí ọ. Miledys ní kò ní ilẹ̀kùn. Mo ní ògiri ńkọ́? Ó ní kò ní ògiri, kò ní pẹpẹ, kò sì sí ọjà kankan níbẹ̀. Mo ní kí ló wá ń tà? Ó ní gbogbo nǹkan.

Ó wá ṣàlàyé fún mi bí ẹni tó ń fún ọmọdé lóògùn. Ó ní, "Ẹ gbọ́, Màmá. Fọ́tò ọjà ni Yokasta ń gbé síta. Ẹni tó bá fẹ́ á sanwó fún un. Òun á yọ èrè tirẹ̀, á san ìyókù fún ẹni tó ní ọjà ní Ṣáínà, ẹni yẹn á di ẹrù, á sì fi ránṣẹ́ tààrà sílé ẹni tó rà á. Yokasta ò ní fojú kàn án, ọwọ́ rẹ̀ ò sì ní kàn án." Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo ní kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kó sì rọra. Áà, Yokasta! Ọmọ mi ń ta ohun tí kò ní! Ó ń gba owó lórí màlúù tó ń jẹko nínú pápá ẹlòmíràn, màlúù tí kò mọ àwọ̀ rẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ojú rẹ̀! Mo jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun. Mo ní kó bu omi fún mi. Mo bi í pé ṣé àwọn ọlọ́pàá mọ̀. Ó ní àwọn ọlọ́pàá náà ń rà níbẹ̀.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé inú Miledys ń dùn. Ó wo inú ìsọ̀ rẹ̀ yíká, ó wo àpò ìrẹsì tí eku ti lu, ó wo fíríìjì tí iná ò dé inú rẹ̀ láti àná, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ìsọ̀ tí eku ò lè wọ̀. Ìsọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè jókòó sí kó máa mu ọtí àwìn. Màmá, ọmọ yín lọ́gbọ́n lórí o. Èrè ibẹ̀ lè ju ti ìkórè kọfí yín lọ." Mo ní kó rẹ ohùn sílẹ̀ kí kọfí má gbọ́.

O mọ bàbá rẹ. Ìgbà tí a délé tó bọ́ bàtà rẹ̀ tán ló tó bi mí pé, "Ará Ṣáínà yẹn, kí ni Yokasta ṣe fún un tó fi ń bá a di ẹrù kiri?" Ìbéèrè yẹn ni kò jẹ́ kí n jẹun. Lóòótọ́, ọkùnrin wo ló ń ṣe irú rẹ̀ fún obìnrin láti òpin ayé, tó ń jẹ́ kí gbogbo ọpẹ́ lọ sọ́dọ̀ obìnrin náà? Bàbá rẹ fúnra rẹ̀, omi ló ń bá mi pọn láti odò fún ìgbà pípẹ́ kó tó lè la ẹnu sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ọkọ bá ni, sọ fún wa. A ò kórìíra ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kó wá jókòó síwájú wa, kó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ gígún, kí a fojú ara wa rí bó ṣe ń jẹun, torí ibi oúnjẹ la ti ń mọ ọkùnrin.

N kò tíì dé ibi tó dùn mí. Kí a tó kúrò ní ìsọ̀ Miledys ló ka ohun tí o kọ sábẹ́ fọ́tò mi. Ó ní o kọ ọ́ pé: "Kò sí ohun kan nínú ilé yìí tí Doña Eduvigis kò kọ́kọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ yẹ̀ wò. Bí ó bá sì ní àléébù, yóò tọ́jú yín bí ọmọ bíbí inú rẹ̀." Mo wo ọwọ́ mi méjèèjì. Ọwọ́ wo, Yokasta? Ọwọ́ yìí ò kan ìgbànú Don Ulpiano rí. O mọ̀ pé n kì í ta wàràkàṣì tí n kò tọ́ wò. Nígbà tí wàrà bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́dún ìjì, mo da gbogbo rẹ̀ fún ẹlẹ́dẹ̀, a sì fi ọ̀sẹ̀ yẹn jẹ ẹ̀gẹ́ lásán, o wà níbẹ̀, ìwọ gan-an sunkún. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń wá láti Ocoa wá ra tèmi. Orúkọ yẹn, ebi ló bá wa kọ́ ọ. O wá gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ tí kò ní ẹnu ọ̀nà, o fi mí parọ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè yìí nígbà tí mo wà nínú ilé ìdáná mi tí n kò mọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Don Ulpiano dúró síta ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn Máàsì, ó gbé ìgbànú náà sókè bí ẹni gbé òkú ejò, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń jáde pé, "Ẹ wá wò ó o, Eduvigis ti di gbájúẹ̀!" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló burú jù. Padre Anselmo, àlùfáà wa, wò mí, ó sì wolẹ̀. Ilẹ̀ ò lanu kí n wọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ bá a, mo gba ìgbànú náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní, "Don Ulpiano, bí orúkọ mi bá wà lára rẹ̀, ọwọ́ mi á kàn án." N kò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Ẹnu mi ló ti sọ ọ́.

Mo gbé e délé, mo tú u palẹ̀ sórí tábìlì. Kí n má purọ́ mọ́ ẹni tó ṣe é, iṣẹ́ náà dára: òwú rẹ̀ yi, irin rẹ̀ kò tẹ̀. Ó kàn kéré ni. Ó jọ pé ẹni tó fi ránṣẹ́ rò pé gbogbo èèyàn ló rí bí igi ìṣáná. Bàbá rẹ lọ mú awọ tí a fi ń di gàárì ìbaaka wá, ó gé e, ó lu ihò sí i, èmi fi abẹ́rẹ́ tí a fi ń rán àpò kọfí rán an pọ̀, a sì gbé e lọ sílé Don Ulpiano. A dì í mọ́ ọn lára. Ó pariwo. Egungun rẹ̀ ń dún bí igi gbígbẹ tí wọ́n ń là. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Ẹ̀rù bà mí, mo bú sẹ́kún, mo rò pé mo ti pa bàbá onílé. Ó ń ga, ó ń ga, títí ojú rẹ̀ fi bá tèmi ṣe mẹ́rin. Ó wò mí títí. Ó ní, "Eduvigis, o mà ti darúgbó o." Kò rí ojú mi láti ìgbà tí ẹ ṣì ń lọ sílé ìwé! Ó yí padà, ó fẹ́ sáré lọ fi ara rẹ̀ han ìyàwó rẹ̀, ló bá fi iwájú orí gbá àtẹ́rígbà, torí ó ti gbàgbé pé ẹnu ọ̀nà ilé òun ní òkè. Kókó tó yọ sí i lórí, inú rẹ̀ ń dùn sí i. Ó ń fi han èèyàn.

Inú dídùn yẹn ló kó bá mi. Ó lọ bá Miledys, ó ní kó bá òun kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò mi pé ti òun kéré, ṣùgbọ́n Doña Eduvigis fọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe nílé rẹ̀ ní Loma Guayuyo lókè Ocoa, òun sì ti ń wo ojú ọ̀run báyìí. Mo ní ó ṣeun. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Lọ́jọ́ Sátidé, bọ́ọ̀sì Chago dúró níwájú ilé wa, àwọn èèyàn ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó wá ṣọdún ẹni mímọ́. Àwọn kan láti Baní, àwọn kan láti Azua, ìyá kan láti San Cristóbal pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Gbogbo wọn ló gbé páálí lọ́wọ́. Wọ́n ń béèrè pé, "Ṣé ibí ni ilé Doña Eduvigis?" Mo yọjú láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ni wọ́n bá kígbe pé, "Òun nìyí! Ìborùn náà nìyẹn!" Obìnrin kan tí n kò rí rí dì mọ́ mi lọ́rùn. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí bàbá rẹ tó wọlé lọ mú àdá. Mo ní mo gbé, ó fẹ́ ṣá àlejò. Kò ṣá ẹnikẹ́ni. Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wálẹ̀, ó ní èèyàn kì í ti Azua wá kó má jẹun.

A jẹun tán, wọ́n wá ń tú páálí. Yokasta, nǹkan wo lo ń tà fún àwọn ọmọ aráyé báyìí? Ọkùnrin kan gbé àtùpà kan wá tó jẹ́ pé bó bá ti tàn kì í kú mọ́, ó ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, ó ṣì ń tàn láti inú. Bienvenido tó máa ń tún ẹ̀rọ omi ṣe ló fi ọ̀bẹ tú ìdí rẹ̀ tó pa á, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá San Cristóbal gbé ẹ̀rọ tó ń gé kábéèjì wá, ariwo nìkan ló ń ṣe, kábéèjì wà bó ṣe wà. Ìyẹn kọjá agbára wa. Mo sọ fún un pé ó ti kú, mo sì bẹ̀ ẹ́, mo di adìẹ kan fún un. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gba adìẹ. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí n kò tà, síbẹ̀ n kò lè sọ pé kì í ṣe èmi, torí ojú mi wà níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn.

Ọkùnrin kan ti jókòó sábẹ́ máńgòrò láti àárọ̀, páálí lórí itan. Mo lọ bá a. Wascar ni wọ́n ń pè é, ó ń ṣe búrẹ́dì ní Azua, ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó ṣí páálí: bàtà funfun méjì, ti ẹsẹ̀ òsì ni méjèèjì. Ó ní, "Mo gbìyànjú, Mamá. Mo wọ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà ni wọ́n ń yà mí sílé àna mi." Kí n tó dá a lóhùn, obìnrin kan dìde ní òdìkejì àgbàlá. Ó ga, igi ọ̀pẹ ni, nọ́ọ̀sì ni ní Baní, Deyanira lorúkọ rẹ̀. Ó kàn rìn wá, ó ṣí páálí tirẹ̀. Ọ̀tún méjì.

Wascar wo ẹsẹ̀ obìnrin náà, ó wo tirẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà mélòó lẹ̀ ń wọ̀?" Deyanira ní, "Wọn kì í bi obìnrin ní irú ìyẹn láàárín èrò." Ó wá tẹ̀ sí i létí, ó sọ fún un. Ọkùnrin náà pariwo pé, "Tèmi nìyẹn!" Ojú ti obìnrin náà, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n pààrọ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Wascar kúnlẹ̀ láti bá a so okùn rẹ̀, mo sì fi etí ara mi gbọ́ tí obìnrin náà sọ fún un pé, "Ẹ rọra o, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi yìí a máa bínú." Wọ́n ń bá ẹsẹ̀ ọ̀tún sọ̀rọ̀ títí bọ́ọ̀sì Chago fi lọ. Wọ́n ní kò burú, àwọn á fẹsẹ̀ rìn dé títì. A dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ń wo bàtà funfun mẹ́rin tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ lórí ilẹ̀ pupa. Ṣé o rò pé mo lè sùn?

Wọ́n tún padà wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọkàn mi ti já, mo rò pé bàtà ti ya. Búrẹ́dì ni wọ́n gbé wá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣègbéyàwó, wọ́n sì ní èmi ni kí n dúró bí onígbọ̀wọ́ wọn níwájú Padre Anselmo, torí ilé mi ni wọ́n ti pàdé. Mo ní mo gbọ́.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe. Mo ti fẹ́ ní kí o yọ ojú mi kúrò níbẹ̀. Miledys ti mú fóònù jáde láti kọ ọ́ sí ọ. Don Ulpiano ló ní, "Bí o bá yọ ojú rẹ, ọ̀dọ̀ ta la ó máa wá?" Mo rò ó. Fi ojú náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ tí o kọ sábẹ́ rẹ̀, a máa sọ ọ́ di òótọ́. Ohunkóhun tí o bá fẹ́ tà, kọ́kọ́ ra ẹyọ kan, kí o sì fi rán Chago sí mi. Màá wọ̀ ọ́, màá tẹ̀ ẹ́, màá fi gé kábéèjì. Èyí tí mo bá ní ó dára, tà á. Èyí tí mo bá ní kò dára, má tà á, èrè yòówù kó wà nínú rẹ̀. Miledys sì ní àwọn tó ń yìn ọ́ nìkan lo máa ń dá lóhùn, àwọn tó ń ráhùn, o máa ń ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ń pariwo ṣì fẹ́ bá ọ ṣòwò; ẹni tó dákẹ́ ló ti lọ. Kí o sì wá síbi ìgbéyàwó náà, kí o wá wo ojú àwọn tí ò ń tajà fún.

Fi owó ránṣẹ́. Bàbá rẹ fẹ́ fi páànù bo ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná kí àwọn tó ń gbé páálí wá má jókòó sínú oòrùn. Onígbọ̀wọ́ ìgbéyàwó kò lè wọ aṣọ tí mo fi ń fún wàrà, mo nílò aṣọ, mo nílò bàtà, ṣùgbọ́n má ra bàtà náà ní ìsọ̀ rẹ àfi tí o bá ti rí ẹsẹ̀ méjèèjì. Owó tí ọwọ́ ń kàn ni kí o fi rán Chago o, mi ò fẹ́ fọ́tò owó.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ ní àlọ àti àbọ̀. Ọjà rẹ á yá, ṣùgbọ́n kò ní yá ju ìwà rẹ lọ. Ẹni tó bá ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ kò ní gbé ọ ṣépè. Ọkọ tó mọ iye rẹ á rí ọ, bó ti Ṣáínà wá, bó ti Azua wá. Bàbá rẹ kí ọ, ó ní kí o máa jẹun. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Eduvigis.

Mo tún ṣí i kọ díẹ̀ sí i. Miledys wà níbí, mo ń ka lẹ́tà yìí sí i létí, ó dá mi dúró níbi ọ̀rọ̀ ọkọ Ṣáínà. Ó ní ẹni tó ń di àwọn ẹrù yẹn lè má jẹ́ ọkùnrin rárá. Ó ní àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ló pọ̀ nídìí iṣẹ́ yẹn, tí wọ́n fi abúlé wọn sílẹ̀ wá sí ìlú ńlá, wọ́n á máa di ẹrù láti àárọ̀ di alẹ́. Yokasta, n kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ó bá mi lójijì, mo ní láti gbé gègé sílẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, gbàgbé ọ̀rọ̀ ọkọ. Má bá a jà nítorí bàtà, ó lè jẹ́ oorun ló ń kùn ún. Kọ̀wé sí i. Bi í bóyá ó ti jẹun. Kí o sì bi í bóyá ìyá rẹ̀ mọ ibi tó wà.